Bàbá, Mi Ò Ní Lọ Kúnlẹ̀ fún Pásítọ̀ Yẹn

Johannesburg,
Oṣù Kẹsàn-án, 2016.

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú àdúrà, ẹ kú ìrètí ọmọ tí ẹ ní kó má wálé mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo kí Màmá mi, tí mo mọ̀ pé wọ́n á ka lẹ́tà yìí nígbà tí ẹ bá jáde lọ sí ìpàdé àwọn àgbà ìjọ. Mo kí Akin àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀. Mo kí Àǹtí Bísí náà, àbúrò yín tó gbé ọ̀rọ̀ mi ká gbogbo Iléṣà ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo kí wọn kú wàhálà.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti ń pè yín tí ẹ kò gbé fóònù. Ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ wa jáde síta. Akin sọ fún mi pé ẹ dìde láàárín ìjọ, ẹ ní kí wọ́n bá yín gbàdúrà fún ọmọ yín obìnrin tó ti bá àwọn ọ̀tá Ísírẹ́lì lọ. Bí gbogbo ìjọ bá ti gbọ́ ẹ̀sùn mi, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ tẹnu mi náà.

Ara mi le. Òtútù ti ń lọ, eruku ló kù, gbogbo ètè mi ló ti là. Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó ní ọ́fíìsì wa ní Marshalltown. Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù ń dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ kò sì dá a padà rí. Mi ò fi ìyẹn bú yín o. Mo kàn rí i pé owó mi kò sí lára àwọn ọ̀tá Ísírẹ́lì.

Sọ́ńdè ló le jù fún mi báyìí. Ìjọ tí mò ń lọ níbí nìkan ni mo ní ní ìlú yìí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí a jọ ń jẹ ìrẹsì lẹ́yìn ìsìn ń sọdá sí òdìkejì títì tí wọ́n bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, n ó máa fọ aṣọ tí kò dọ̀tí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ìdajì ni pásítọ̀ ìjọ wa níbí sọ fún yín. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń pè é ní “wọ́n”. Ẹ forí jì mí, ẹnu mi kò gbà á mọ́.

Ẹ rántí Màmá Míríámù, tí ilẹ̀kùn wọn dojú kọ tèmi nínú fúláàtì wa ní Berea. Júù ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń kó kúrò ládùúgbò yìí, wọ́n ní àwọn kò rí ibi tí àwọn ń sá lọ. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àwọn kan ń lé àwa àlejò, àwọn ọkùnrin wọ ilé wa, wọ́n ń bèèrè ibi tí ará Nàìjíríà ń gbé. Màmá yìí fà mí wọ yàrá tiwọn, wọ́n gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì ń hun súwẹ́tà. Àwọn ọkùnrin náà wò wọ́n títí, wọ́n bá tiwọn lọ. Ẹ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn, Bàbá. Ẹ ní Ọlọ́run ló rán àwọn èèyàn rẹ̀ sí mi.

Ohun tí mi ò sọ fún yín ni pé lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, màmá yìí àti àwọn Júù bíi márùn-ún mìíràn máa ń dúró sí ìdí iná tó ń dá ọkọ̀ dúró, tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì níbí, pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé Júù ni àwọn, pé àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi orúkọ àwọn ni àwọn ará Palẹ́sítínì lára. Júù ẹgbẹ́ wọn ló ń sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀ láti bú wọn. Èmi á kí wọn, n ó sì kọjá lọ síbi iṣẹ́. Mo rò pé ohun tí àgbà tí kò níṣẹ́ mọ́ fi ń najú ni.

Ẹ mọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Àsíá Ísírẹ́lì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, òróró tí wọ́n ní Jerúsálẹ́mù ló ti wá wà nílẹ̀. Pásítọ̀ yan Sọ́ńdè kan láti gbàdúrà fún Ísírẹ́lì, ó ní ká ní òun lè rí ojúlówó ọmọ Ábúráhámù kan kó wá súre fún wa. Èmi ni mo nawọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n máa tọ́ka sí mi pé èmi ni mo mú Júù wá. Nígbà tí mo sọ fún yín, inú yín dùn ju tèmi lọ. Ẹ ní kí n bá yín gba ìre tiyín pàtó, ẹ̀yin tí ẹ ti dé Jerúsálẹ́mù tí ẹ ń kọ J.P. sẹ́yìn orúkọ.

Màmá Míríámù bi mí bóyá pásítọ̀ mọ irú Júù tí àwọn jẹ́. Mo ní Júù ni Júù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn á bá mi lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé máìkì fún àwọn, àwọn kò ní purọ́. Mi ò sọ ìyẹn fún pásítọ̀. Mo gbé e mì.

Lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn tẹ́ aṣọ sílẹ̀ fún wọn láti rìn. Wọ́n gbé pásípọ́ọ̀tù wá, wọ́n gbé ọmọ wá, kí màmá fọwọ́ kàn án. Wọ́n ń kúnlẹ̀, màmá ń fà wọ́n dìde, ojú sì ń ti màmá. Wọ́n wá súre ní èdè Hébérù, ìre tí bàbá wọn máa ń sú fún wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Gbogbo ilé ń sunkún, èmi náà sunkún.

Màmá kò gbé máìkì sílẹ̀. Wọ́n ní bí a bá fẹ́ràn àwọn èèyàn àwọn tó bẹ́ẹ̀, kí a gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi orúkọ àwọn ṣe. Wọ́n ní àwọn dé ilẹ̀ Palẹ́sítínì, àwọn rí bàbá ẹgbẹ́ àwọn kan tó tò láti ìdájí kí sójà Ísírẹ́lì tó jẹ́ kó dé oko ólífì ara rẹ̀. Wọ́n rí ilé tí katapílà wó. Wọ́n ní ìwé ìrìnnà tí wọ́n fi fìyà jẹ aláwọ̀ dúdú ní ilẹ̀ yìí láyé ìjọba òyìnbó ni àwọn rántí. Wọ́n ní àwa tí wọ́n lé lọ́dún tó kọjá ló yẹ kó kọ́kọ́ yé, wọ́n sì bẹ̀ wá pé kí àdúrà wa má fo àwọn ará Palẹ́sítínì.

Ẹ̀rín kúrò lójú pásítọ̀. Ó gba máìkì, ó ní ẹ̀mí àjèjì ti wọlé. Ó wá wo ojú mi. Ẹ mọ̀ pé èmi wà lára àwọn tó ń fi ìjókòó han èèyàn, mo so aṣọ ìdánimọ̀ wa mọ́ èjìká lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n mú wọn jáde. Bàbá, mo mú wọn jáde. Mo dì wọ́n mú ní ìgbọ̀nwọ́, mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, mo ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé, mo sì padà wọlé lọ jókòó. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn délé láwọn nìkan.

Ìyẹn kò sì gbà mí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, pásítọ̀ tú aṣọ ìdánimọ̀ kúrò léjìká mi lójú gbogbo èèyàn, ó sì pè yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin kí n tó lè kan ilẹ̀kùn Màmá Míríámù. Mo kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n dìde kí tíì má baà tutù. Wọ́n ní èmi ni ẹni kejì. Àbúrò wọn ọkùnrin ló kọ́kọ́ mú wọn lápá jáde nínú sínágọ́gù nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Lọ́dọọdún ló ń ránṣẹ́ pé kí wọ́n sọ pé àwọn ṣìnà, kí wọ́n lè wá bá òun jẹ oúnjẹ àjọ̀dún. Ọdún mọ́kànlá rèé tí wọn kò tíì jẹ oúnjẹ náà. Orí òkè kan ni ilé ọkùnrin náà wà, wọ́n ń rí i láti fèrèsé. Wọ́n ń sọ ọ́, omi ń dà lójú wọn, wọn kò sì nù ún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yín wọlé sórí fóònù mi: kí n kúnlẹ̀ fún pásítọ̀, kí n kó kúrò ní ojúlé obìnrin yẹn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kí n má wálé. Inú mi bí, ó sì ṣì ń bí mi. Mo ti bá àwọn màmá dúró ní róbọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Fọ́tò mi níbẹ̀ tí Àǹtí Bísí fi hàn yín, òótọ́ ni. Nígbà tí ẹ ṣì ń gbé fóònù mi, mo bi yín bóyá ẹ rí àwọn tó ń tò níwájú sójà yẹn nígbà tí ẹ lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ẹ ní bọ́ọ̀sì yín kò dúró níbẹ̀.

Mi ò ní lọ kúnlẹ̀ fún pásítọ̀ yẹn. Mi ò sì ní kó lọ síbì kankan. Oṣù Kejìlá ni mò ń bọ̀ nílé, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin ni n ó kúnlẹ̀ fún, bí mo ṣe ń ṣe láti kékeré. Bí ẹ kò bá fẹ́ mi nínú ilé yín, ẹ má rán Akin, ẹ má pe Àǹtí Bísí. Ẹ dìde fúnra yín, ẹ dì mí mú ní ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ sìn mí dé ẹnu géètì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ padà wọlé lọ jókòó, kí ẹ wò ó bóyá ẹ lè jẹun.

Kí Ọlọ́run wo orúnkún tó ń dùn yín sàn. Kó jẹ́ kí Màmá pẹ́ fún wa, kó fún ìyàwó Akin ní àbíyè. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ bá mi kí ìjọ tó ń gbàdúrà fún mi. Mo ń gbàdúrà fún àwọn náà.

Èmi ni ọmọ yín, bí inú yín dùn sí i, bí kò dùn sí i,
Mojísọ́lá.