Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Lókè Gàgàrà

Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹta, 2025

Ààwẹ̀ kẹrin. Ó rẹ̀ mí. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé méjìlá ló ṣì wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Santasi, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sì ti wú lórí máṣíìnì ìránṣọ. Nínú ọkọ̀ tròtrò tó gbé mi padà sí Sawaba níbi tá à ń gbé, kò sí ibi tí mo lè nà án sí.

Mo délé, Ràzíátù ọmọ mi tún ń ka ọ̀rọ̀ Gàgàrà sí mi létí látorí fóònù. Gàgàrà ni mo ń pe Burj Khalifa, ilé tó ga jù láyé, ní Dubai. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ń kọ́ mi lẹ́nu. Ibẹ̀ ni Tèmi — Rájí, àkọ́bí mi — ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún méjì. Ó ní òkè pátápátá lòun ń tọ́jú, ó ju àádọ́jọ àjà lọ. Ó fẹ́ kí àbúrò òun wá bá òun lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, iṣẹ́ wà.

Bẹ́ẹ̀ rèé, iléèwé nọ́ọ̀sì ti gba Ràzíátù níbí. Wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì kó tó di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíì. Àwọn ọmọ méjèèjì ní èmi ni kí n sọ èyí tó dára. Kí ni mo mọ̀?

Jímọ̀, 7

Omi ò yọ. Mo sùn.

Ajé, 10

Ràzíátù ní oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń fọ gíláàsì Gàgàrà tán. Kí wọ́n tó parí, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ti dọ̀tí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ abiyamọ nìyẹn. Omi tó ń kán lára ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀, òdòdó ni wọ́n fi ń bomi rin. Àwa rèé, ọjọ́ kẹrin tí ẹ̀rọ omi ti dákẹ́.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ tí èèyàn kankan ò lè gbé. Wọ́n kàn kọ́ ọ kó lè ga ni. Ẹ gbà mí o.

Jímọ̀, 14

Níbi tàfúsírì Kùránì ní mọ́ṣáláṣí, oorun gbé mi lọ. Mo ṣáà gbọ́ tí Mállàm Sànúsí ń sọ pé àkókò ìṣínu àwọn tó wà lókè Gàgàrà yàtọ̀ sí tàwọn ará ìsàlẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ṣé ṣáájú ni àbí lẹ́yìn — ìyẹn bá oorun lọ. Ojú tì mí láti béèrè. Màá bi Tèmi.

Ọjọ́rú, 19

Tèmi pè ní aago méjì ààbọ̀ tiwa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu lọ́hùn-ún. Mo bi í. Ó ní, “Màámi, àwa là ń kọ́kọ́ ṣínu. A ti sún mọ́ sánmà, a máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣáájú wọn.”

Inú mi dùn! Mo sọ fún Efua tá a jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù. Ó kí mi kú oríire: “Ei, Maame Rájí, ayekoo!” Mo délé, mo ní kí Ràzíátù kọ̀wé sí iléèwé nọ́ọ̀sì pé òun ò wá mọ́. Ó bẹ̀ mí, ó ní, “Maame, mepa wo kyɛw, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ tí wọ́n dá.” Olórí kunkun.

Jímọ̀, 21

A ń ṣínu ní mọ́ṣáláṣí. Èmi náà gbóhùn sókè, mo ń ròyìn ìṣẹ́jú mẹ́ta ọmọ mi fáwọn obìnrin. Mállàm gbọ́. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́: “Ìyá Rájí, ẹ̀yìn ni, kì í ṣe ṣáájú. Ẹni tó wà lókè ṣì ń rí oòrùn nígbà tó ti wọ̀ lójú ará ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣáájú, ààwẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́.”

Mo dá èso dàbínù ọwọ́ mi padà sínú àwo. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Tèmi ò pa ààwẹ̀ kan jẹ rí. Tó bá jẹ́ pé òkè yẹn ló ti ń ṣínu, oòrùn á wà níwájú rẹ̀ gbangba. Kò lè ṣì í.

Kò dé ibẹ̀ rí.

Àbámẹ́ta, 22

Mi ò lè rán nǹkan kan. Mo jókòó, mo ń wo abẹ́rẹ́.

Àìkú, 23

Mo bi í. Kò jiyàn. Ọkọ̀ ló ń fọ̀, ní ọgbà kan tó jìnnà sí ìgboro. Bí eruku ò bá sí ló tó ń rí orí Gàgàrà. Kò sí iṣẹ́ kankan fún Ràzíátù. “Màámi, èmi nìkan ni mò ń ṣínu. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan jókòó tì mí.”

Mo bínú, mo sunkún, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Mo ní kó máa bọ̀ nílé. Ó ní ojú wo lòun fẹ́ fi wo Sawaba, nígbà tí gbogbo wọn mọ òun mọ́ ilé yẹn.

Ta ló sọ fún wọn? Èmi ni. Láti Sawaba títí dé ọjà Kejetia, ẹnu mi yìí náà ni.

Ìṣẹ́gun, 25

Mo sọ fún Ràzíátù. Kò pariwo. Ó mú lẹ́tà rẹ̀ lọ síléèwé nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ó gba àyè náà. Nígbà tó dé, ó ní, “Ká ní ó sọ òótọ́ fún mi ni, ǹ bá lọ bá a.” Ìyẹn dùn mí ju irọ́ yẹn lọ.

Jímọ̀, 28

A ṣínu tán ní mọ́ṣáláṣí, mo dìde láàárín àwọn obìnrin. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Mo ní Rájí ọmọ mi ò sí nínú ilé gíga kankan, ọkọ̀ ló ń fọ̀. Mo ti fọ́nnu lórí ohun tí mi ò mọ̀. Mo ní mo fẹ́ kó padà wálé, tó bá sì dé, kẹ́nikẹ́ni má bi í léèrè ilé kankan.

Ùmmúkùlsùm, tí mo bẹ̀rù ẹnu rẹ̀ jù nínú wọn, ní ọmọ tòun tó wà ní Kuwait, òun náà ò mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ó bú sẹ́kún. A dì í mú.

Mi ò mọ̀ pé Ràzíátù ń fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀. Ó ti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ká tó délé.

Àbámẹ́ta, 29

Aago méjì ààbọ̀. Tèmi pè. Kò kí mi.

Ó ní, “Màámi, ta ló máa wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú Accra?”

Mo gbé fóònù fún Ràzíátù kó dá a lóhùn.