Bàbá Sísíì, Tó Fi Ìgò Epo Wọn Ẹ́ńjìnnì

Èsìẹ́ ni wọ́n bí bàbá wa, Olóògbé Timothy Ọláìyá, sí ní ọdún 1947. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá wọn. Ìyá wọn, Màmá Sarah, jẹ́ ọmọ Òwu-Ìsin, epo pupa ni wọ́n ń fi ìgò wọ̀n tà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìgò epo náà.

Ilé-ìwé ìjọ ní Òmù-Àrán ni bàbá ti kàwé. Orí bẹ́ńṣì kan náà ni àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn, Jòhánù, jókòó sí, wọ́n jọ jẹ iṣu, wọ́n jọ jẹ ẹgba. Jòhánù padà di olùkọ́ ìṣirò àti alàgbà ìjọ wa. Bàbá kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìlọrin, wọ́n gba fíríìdọ̀mù ní 1973, wọ́n sì fẹ́ màmá wa, Màmá Helen, ní 1975.

Bàbá kì í fẹnu lásán sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó. Wọn á ṣí orí rẹ̀, wọn á sì fi fídà, ìgò tí ọmọ ọwọ́ fi ń mu ògì, wọn omi tó kún àyè tí písítìnì ń rìn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí ihò písítìnì kan bá gba 500 sísíì, òṣùwọ̀n tí wọ́n kọ sára fídà náà, tí ihò sì jẹ́ mẹ́rin, 2000 sísíì nìyẹn, ìyẹn lítà méjì. Ibẹ̀ ni orúkọ Bàbá Sísíì ti wá. Ẹni tó bá sọ pé ìwọ̀n bẹntiróòlù tí mọ́tò ń gbà nìyẹn, bàbá á ṣàlàyé fún un títí di ìrọ̀lẹ́ kó tó kúrò níbẹ̀. Fídà yẹn náà ni àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi mu ògì. Màmá fọ̀ ọ́ títí, òórùn ọ́ìlì kò kúrò.

Ní 2009, ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì ìjọ kú. Wọ́n rí tòkunbọ̀ méjì, wọ́n kọ 2.4 sára ọ̀kan, wọ́n kọ 1800 sára èkejì. Alàgbà Jòhánù, alága ìgbìmọ̀, ní ọmọ tó ń kọ́ ábídí pàápàá mọ̀ pé 1800 ju 2.4 lọ. Bàbá gbé ìgò epo ìyá wọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní lítà ni 2.4, sísíì ni 1800, ẹgbẹ̀rún sísíì ló sì ń di lítà kan. Ìgò kan jẹ́ 750 sísíì: 1800 jẹ́ ìgò méjì àti 300, àmọ́ 2.4 jẹ́ ìgò mẹ́ta àti 150. Ìgbìmọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n lọ ra 1800.

Lọ́jọ́ tí a ń lọ sí ìkórè ní Ìsánlú-Ìsin, bọ́ọ̀sì kọ òkè. Àwọn akọrin tì í tẹ̀wù-tẹ̀wù. Bàbá tó wà lára àwọn tó ń tì í rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Jòhánù rí wọn. Láti ọjọ́ náà, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò kí bàbá mọ́. Ó dun bàbá gan-an. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń rán màmá pé kó bá àwọn kí Jòhánù, èsì kì í wá.

Ní 2024, tí àìsàn ti dá bàbá dùbúlẹ̀, Alàgbà ṣàdédé wọlé. Ọmọ rẹ̀ kó mọ́tò kan dé láti Amẹ́ríkà, 350 ni wọ́n kọ sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

“Timothy, 350 kí ni?”

Bàbá tí kò jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta dìde jókòó. “Ínṣì ni, Jòhánù. Àpótí tó jẹ́ ínṣì kan ní gígùn, ní ìbú, ní gíga, sísíì mẹ́rìndínlógún lé díẹ̀ ló ń gbà.” Wọ́n ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn káàdì ọsibítù: 350 lọ́nà 16.4 jẹ́ 5740. Ó lé ní ìgò méje àbọ̀.

Alàgbà bú sẹ́rìn-ín, ó tún bú sẹ́kún. “Orí òkè yẹn ni mo ti mọ̀ pé o jàre. Ojú ló ń tì mí.”

Bàbá ní kó forí ji àwọn nítorí ẹ̀rín náà. Ọjọ́ kẹsàn-án sí ìgbà náà ni bàbá sùn nínú Olúwa.

Màmá Helen gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, tí Ṣèyífúnmi tó wà ní Èkó jẹ́ àkọ́bí, àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án. Fìyìnfólúwa nínú wọn ló jogún fídà. Alàgbà Jòhánù ti bẹ ẹbí pé kí a tẹ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ètò ìsìnkú yìí, kí gbogbo ìjọ kà á: “2.4 ju 1800 lọ. Jòhánù ló jẹ̀bi.” Òun fúnra rẹ̀ ló sì ra ẹ́ńjìnnì 2.4 sí bọ́ọ̀sì tí yóò gbé bàbá lọ sílé ní Èsìẹ́ lónìí. Ẹ̀yin akọrin, ẹ jókòó, ẹnikẹ́ni kò ní tì í.

Bàbá Sísíì, òkè ti tán. Ẹ sùn re o.