Ọ̀dà Pupa Tí Mo Fi Kun Gìtá Àkànbí

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Kétu níbí, bí ọ̀nà tilẹ̀ jìn. Mo kí Bàbá, mo kí Ìyá Àgbà, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Dúpẹ́ àtàwọn ọmọ rẹ̀, mo kí àbúrò mi Délé tó ń ka ìwé yìí sí yín létí. Délé, má fo ọ̀rọ̀ kankan o. Bí àwọn ará agboolé bá fẹ́ jókòó gbọ́, jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Kò sí àṣírí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́rùn mi, mo sì fẹ́ kí èèyàn púpọ̀ bá mi rò ó.

Ara mi le. Àwọn ará Dàhòmì níbí ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira bíi tiwa, ọjà ń lọ, ọkọ̀ ń rìn, wọ́n sì ń gbé àwọn ògbólógbòó lọ́rì wọn wá fún mi kí n tún wọn kùn. Iṣẹ́ wà. Omi ni kò sí. Ilẹ̀ ibí ga, kànga sì jìn débi pé bí okùn bá já, o ti pàdánù garawa nìyẹn. Nígbà ẹ̀rùn, eruku pupa. Nígbà òjò, ọ̀dà kì í tètè gbẹ. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, àmọ́ wọ́n ń fà á lọ́nà tiwọn, wọ́n sì ń da Faransé pọ̀ mọ́ ọn. Lọ́rì, kamíọ̀n ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún àkọ́kọ́, èmi nìkan ni mò ń jẹun, ẹ sì mọ̀ pé n kò lè dá oúnjẹ jẹ.

Àkànbí ló yọ mí nínú ìyẹn. Àgbẹ̀ ni, ará abúlé Odomẹ̀ta. Ó wá tọrọ agolo ọ̀dà tó ti ṣófo lọ́wọ́ mi, ó rí i bí mo ṣe dá jókòó, ló bá ní kí n dìde ká lọ sílé òun. Láti ìgbà náà, iyán Ṣadé ìyàwó rẹ̀ ni mò ń jẹ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

Nígbà tó yá, ó já bọ́ lórí ọ̀pẹ. Ìbàdí rẹ̀ yẹ̀. Wọ́n to eegun náà títí, ó ń rìn, àmọ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ kọ ebè mọ́. Ṣadé nìkan ló kù tó ń ṣe oko. Inú ìjókòó yẹn ni Àkànbí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ gbẹ́ igi. Ó gbẹ́ ṣíbí, ó gbẹ́ àpótí ìjókòó, ó wá ní gìtá lòun máa ṣe, torí òun ti rí ọ̀kan lọ́wọ́ sójà kan rí, òun sì wò ó dáadáa.

Nígbà tí àyájọ́ òmìnira ń bọ̀, olùkọ́ àgbà ilé-ìwé, tí gbogbo wọn ń pè ní mẹ́tìrù, kéde ìdíje kan: kí ẹni tí kì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gìtá. Àgbà oníṣẹ́ kan tó ń ṣe gìtá tà ní Àjàṣẹ́, olú ìlú wọn, yóò wá ṣe onídàájọ́, ẹni tó bá sì gba ipò kìíní ni yóò mú lọ kọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá mi, iṣẹ́ àjókòóṣe ni. Ẹni tí ìbàdí rẹ̀ yẹ̀ lè fi jẹun. Àkànbí ò sọ púpọ̀. Ó kàn ní bí òun bá rí èyí gbà, Ṣadé á sinmi.

Ó fi igi ọ̀mọ̀ ṣe ara gìtá náà, ó fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara àpótí tí wọ́n ń kó tíì sí ṣe ojú rẹ̀. Bàbá Ràfíù, àgbàlagbà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, fún un ní wáyà bíréèkì lọ́fẹ̀ẹ́ kó fi ṣe okùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Bàbá Ràfíù fúnra rẹ̀ ń ṣe tirẹ̀ fún ìdíje kan náà. Ọjọ́ tí Àkànbí kọ́kọ́ ta á sí mi létí, mo gbàgbé òkèlè lọ́wọ́.

Àmọ́ kò dán. Igi ṣákálá ni, ojú ọ̀bẹ hàn lára rẹ̀. Èmi ni mo ní kó gbé e wá. Òun kọ́ ló bẹ̀ mí. Ó bi mí bóyá kò ní lòdì sí òfin. Mo ní, ta ló ń béèrè ẹni tó ránṣọ ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó? Mo fi ẹ̀rọ tí ń fọ́n ọ̀dà bí ìrì kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, pupa bíi lọ́rì tuntun, mo fi fáníìṣì lé e kó lè máa dán. Èèyàn lè wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀ fá irùngbọ̀n. Nítorí òjò, ó pẹ́ kó tó gbẹ. Àkànbí gbé e mọ́ra bí ọmọ tuntun, kò sì ta á rárá, kí ojú ìka òun má bàa hàn lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdíje, gìtá mẹ́jọ ló wà lórí bẹ́ńṣì ní àgbàlá ilé-ìwé. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lórí ti Àkànbí, ariwo ta. Kamíọ̀n tí àgbà oníṣẹ́ ará Àjàṣẹ́ náà wọ̀ ti bàjẹ́ lọ́nà, mẹ́tìrù àtàwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ò sì dúró dè é. Wọ́n wò ó, wọ́n jíròrò, wọ́n kéde pé Àkànbí ló ṣe ipò kìíní. Wọn ò tíì ní kí ẹnikẹ́ni ta tirẹ̀.

Bàbá Ràfíù dìde. Gìtá tirẹ̀ ò ní ọ̀dà. Ewé ìpín ló fi ha á títí ó fi jọ̀lọ̀, ó wá fi òrí pa á. Kò pariwo. Ó ní òun ò bínú, òun kàn fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́, ṣé gìtá ni àbí ọ̀dà? Ó ní bó bá jẹ́ ọ̀dà ni, ẹni tó ni iṣẹ́ náà ṣáà dúró lọ́hùn-ún yẹn, kí wọ́n pè é kó wá gba ẹ̀bùn rẹ̀. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Kò sí kamíọ̀n pupa kan ní Kétu tí kì í ṣe ọwọ́ mi ló kùn ún.

Mẹ́tìrù bi Àkànbí bóyá òun ló kùn ún. Àkànbí wolẹ̀. Mẹ́tìrù wá kọjú sí mi, ó bi mí. Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má purọ́. Mo ní èmi ni, àmọ́ òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo ìyókù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó ta á, kí wọ́n fetí gbọ́. Ẹnu èmi fúnra mi ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Àkànbí ta á. Ohùn ò jáde. Ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹní. Ó tún okùn fà le, ó tún ta á, bákan náà ni. Àgbà ará Àjàṣẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gba gìtá náà, ó fi ìka kan ojú rẹ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, kó, kó. Ó ní ẹni tó ṣe é lè mọṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀dà ti nípọn jù, ó ti pa ohùn igi. Mo ní mo gbọ́ ohùn náà kí n tó kùn ún. Ó ní òun gbà mí gbọ́. Ó ní àmọ́ òun kò gbọ́ ohùn náà.

Wọ́n yọ Àkànbí nínú ìdíje náà. Wọ́n fún Bàbá Ràfíù ní ipò kìíní. Ó ní òun ti dàgbà kọjá iṣẹ́ kíkọ́, kí wọ́n fi àyè náà fún Àkànbí. Mẹ́tìrù ní àyè ìdíje kì í ṣe aṣọ téèyàn ń yá ẹlòmíràn. Ẹni tó ṣe ipò kejì ló gbà á, akọ̀wé kan tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì Bàbá Ràfíù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ò mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa já sí, àmọ́ bí wọ́n bá tún ṣe ìdíje náà lọ́la, òun á tún béèrè ìbéèrè yẹn. Mo ní òótọ́ ló sọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Odomẹ̀ta, mo mú oògùn tá a fi ń bó ọ̀dà dání. Ó ti pẹ́ jù. Àkànbí ti fi èéfọ́ ìgò ha ọ̀dà ara gìtá náà, pákó tíì náà ti là láti òkè délẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dákẹ́, n kò ṣẹ òun, ire ni mo fẹ́. Ì bá sàn kó nà mí. Ṣadé gbé iyán wá bó ti máa ń ṣe, àmọ́ kò wo ojú mi.

Ìyá mi, ẹ bá mi ro ohun tí mo lè ṣe fún Àkànbí àti Ṣadé, ẹ má sọ pé kí n máa gbàdúrà. Mo ti ń gbà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ Ṣadé, mo bọ́ sínú oko, mo kọ ebè títí ọwọ́ mi fi bó. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Ṣadé ti ń bọ̀ lẹ́yìn mi jẹ́jẹ́, ó ń tún gbogbo ebè náà kọ.

Olúwa á dá yín sí fún wa. Oúnjẹ ò ní tán nínú ìkòkò yín, ẹsẹ̀ yín ò ní kọ̀, ohun tí ẹ bá fi ire ṣe ò ní di ibi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará agboolé, àgbà àti èwe, kí ẹ sì kí àwọn tó bá yín jókòó gbọ́ ọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Àjàní