Píìnì Tí Mo Sún Lára Bọ́ọ̀lù Ìyá Rẹ

Chizuru ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ní Brasil lọ́hùn-ún. Mo kí ìyá ọkọ rẹ tó ní mo ti dàgbà ju ẹ̀fẹ̀ lọ. Ìrẹsì wa ti wọlé, orúnkún mi sì ti ń gbọ́ràn díẹ̀. Ara ìyá rẹ le, inú rẹ̀ ni kò dùn.

Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ temari, bọ́ọ̀lù tó máa ń fi òwú aláràbarà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ yẹn. Wọ́n ní ewé òdòdó kan tó fi òwú rán sára bọ́ọ̀lù náà fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. "Ojú mi ti lọ, Bàbá Chizuru," ló ń wí. Ó ti kó gbogbo òwú rẹ̀ sínú àpótí.

Ojú rẹ̀ kò lọ. Ó fi píìnì pín bọ́ọ̀lù náà sí ọ̀nà mẹ́rìndínlógún, ó lọ se tíì, ni mo bá sún píìnì kan. Mo rò pé yóò fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ tún un wọ̀n, kó sì pariwo pé, "Ọ̀bọ arúgbó yìí!" Àmọ́ kò tún un wọ̀n. Mo rí i tó ń rán an lọ, mo sì dákẹ́.

Ìdánwò mìíràn ń bọ̀ lóṣù kẹta. Kí lẹ́tà yìí tó dé, ó yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Jọ̀ọ́, pè é. Bó bá ṣì ní ojú òun ti lọ, á jẹ́ pé ẹ̀rù bà mí, n kò tíì jẹ́wọ́. Ìwọ ni kó o sọ fún un.

Kí àwọn baba ńlá wa ṣọ́ yín. Má bá mi bẹ̀ ẹ́ o.

Bàbá rẹ,
Gensaku