Ọmọ Ìjàpá Happiness Kò Ní Í Wọ Ìkòkò

Caleb ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa, ṣé aya rẹ àti Happiness ọmọ yín ń jẹun? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí àpáta òkè yìí ya lù wá ni yóò máa ṣọ́ yín ní Èkó. Ara tèmi le, iṣu ta, ṣùgbọ́n ìkùukùu bo ìlú Ọ̀kà wa níbí, oòrùn ṣọ̀wọ́n.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù nípa ọmọ ìjàpá tí Happiness fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi nígbà Àjíǹde. O ní bó ṣe ń ṣàìsàn yìí, kí n gbé e fún Rufus ẹlẹ́ran ìgbẹ́, kí n sọ fún ọmọ náà pé ó sá lọ. Mi ò ní í ṣe é. Ìjàpá sá lọ, ta ló lé e tí kò bá a? Ọmọ náà ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀, mo ní mo gbọ́, ẹnu tí mo fi sọ ọ́ kò tíì rà.

Òótọ́ ni pé igbá ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bíi páálí tí òjò pa, ojú rẹ̀ wú, kò sì jẹun. Mo ṣí fídíò dókítà ìjàpá tí aya rẹ fi ránṣẹ́. Dókítà yẹn mọ iṣẹ́ ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ ọ nílé. Mo kí i, kò dáhùn. Mo gbé aláìsàn síwájú fóònù kó rí i, kò wò ó. Lọ́jọ́ kejì mo ní kò tíì jẹun o, ohun tó sọ lánàá náà ló tún ń sọ. Ó ní kí n máa fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́, kí n máa gbé e sóòrùn, kí n máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ibo ni wọ́n ti ń wọn ọmọ bí kò ṣe ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì? Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìkàrẹ́, mo tò pẹ̀lú àwọn ìyá ọlọ́mọ. Nígbà tó kàn mí, nọ́ọ̀sì Sọ̀fíyàt ní ọmọ dà, mo ṣí apẹ̀rẹ̀. Ó fò sẹ́yìn, ó ní màmá, ènìyàn là ń wọ̀n níbí o. Mo ní ṣé wọ́n kọ ọ́ sára òṣùwọ̀n ni? Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mi ò kúrò. Nígbà tó yá ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, abẹ́rẹ́ ẹ̀ ò mì rárá. Ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́ ni. Mo padà délé, mo fi í sọ́wọ́ kan, mo fi ẹyin adìẹ sọ́wọ́ kejì, ẹyin ló tẹ̀wọ̀n jù.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ èèpo ẹyin mọ́ ewé fún un, kí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ lè le. Bí oòrùn bá yọ, a jọ ń jókòó lórí àpáta, mo ń lé àṣá. Rufus á kọjá, á ní Ìyá Caleb, ata ti wà nílẹ̀ o. Mo ní kó lọ fi se ara rẹ̀.

Bó bá kú, èmi fúnra mi ni n ó sọ fún Happiness, mi ò ní í parọ́ fún un. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí mo na ewé gbúre sí i, ó gé ewé, ó gé ìka mi mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Inú mi dùn débi pé mo jó.

Fi owó ọ̀kadà ránṣẹ́, mo tún ń lọ tò ní Ìkàrẹ́. Fi rán awakọ̀, má fi sí báńkì, ẹ̀rọ inú ògiri yẹn máa ń bi mí ní àṣírí mi lójú èrò.

Ọjọ́ tí agbára rẹ bá tán, Ọlọ́run kò ní í fi ọ́ lé ọwọ́ ẹni tó ń lọ ata.

Èmi ni ìyá rẹ,
Eunice.