Òpó Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sàréè Bàbá Àgbà

Ilé Onírin,
Ọ̀nà Akanran,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Zubaidah Àṣàkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Kàdúná níbẹ̀. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ń sùn dáadáa, ṣé ooru ibẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ní tèmi, mo wà láàyè, mo ń jẹun, mo sì ń dúpẹ́. Àmọ́ ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ó rẹ̀ mí dé inú eegun. Kì í ṣe àìsàn o, nítorí náà má torí ìyẹn wọ ọkọ̀.

O ti bi mí lórí fóònù títí pé ṣé Ilé Onírin ṣì wà lórí ìdúró, èmi náà sì ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tàn ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kan màmá àgbà rẹ, o sì mọ̀ wọ́n, bí mo bá ti ń pè ọ́ báyìí, wọ́n á ti fa àga wọn súnmọ́ mi. Ibo ni mo fẹ́ gbà sọ ọ́? Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Najeem tó ń wa ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún ló máa mú un wá fún ọ.

Òkè ilé yẹn lo ti kàwé ìdánwò àṣejáde rẹ, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ẹnikẹ́ni jókòó sọ fún ọ rí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Àwọn òyìnbó tó ń ra kòkó ló kọ́ ọ ṣe ọ́fíìsì. Wọ́n ti gé gbogbo òpó àti irin àjà rẹ̀ láti ìlú wọn, wọ́n ti lu ihò sí i, wọ́n ti kọ nọ́ńbà sí i lára. Rélùwéè gbé e dé Ìbàdàn, lọ́rì gbé e dé ibí, wọ́n wá ń fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè é mọ́ra bí ẹni ń to bẹ́ẹ̀dì onírin. Ilé ti dúró, ó ti lórùlé, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri. Aṣọ lásán ni ògiri yẹn, kò gbé nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí fèrèsé òkè fi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará abúlé tí wọ́n ti mọ ògiri amọ̀ tó nípọn lójú kò gbà láti gun òkè rẹ̀, wọ́n ní ilé tí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́ báyìí á wó pa èèyàn. Bàbá àgbà rẹ tó ń bá òyìnbó wọn kòkó ni wọ́n ń wò lókè, tí wọ́n sì ń retí ọjọ́ tó máa já bọ́. Nígbà tí òyìnbó kó lọ, bàbá fi gbogbo ohun tí wọ́n ní ra ilé náà.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ o. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fúnra wọn, wọ́n á ha ẹsẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Wọn kì í gbé iṣẹ́ yẹn fún ẹnikẹ́ni. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn òpó yẹn ni ìyàwó kékeré wọn, tí wọ́n ń lé tìróò fún.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní kí a sin àwọn sí iwájú ilé, lábẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó igun tí wọ́n máa ń gbé àga tì. A ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwa ọmọ wá ní a ò ní fi bàbá wa sílẹ̀ nínú eruku. A lẹ táìsì sí sàréè náà, a sì fi símẹ́ńtì so ó pọ̀ mọ́ òpó kí koríko má baà rí àyè hù láàárín. Ó dára lójú. Láti ìgbà náà, ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, kí màmá àgbà rẹ tó múra mọ́ṣáláṣí, wọ́n á fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ sàréè ọkọ wọn títí tí táìsì á fi máa dán, wọ́n á wá fi omi inú búta ṣan án. Ìwọ náà ti pọn omi fún wọn rí. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà dúdú sì parí síbẹ̀, kò sí ẹni tó rántí rẹ̀ mọ́.

Inú ààwẹ̀ tó kọjá yìí ni ilẹ̀kùn yàrá òkè kọ̀ tí kò pa dé mọ́. Mo rò pé igi rẹ̀ ló wú. Nígbà tó yá, ògiri igun yẹn là láti òkè délẹ̀, ọwọ́ mi ń wọ inú rẹ̀. Mo gbé ọsàn kan sílẹ̀ lórí pákó òkè, ó yí lọ sí igun fúnra rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ọsàn. Kò pẹ́ ni àwọn ará káńsù dé, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa àmì sára ògiri, wọ́n ní bí a kò bá tún un ṣe kí Iléyá tó dé, àwọn máa wó o.

Àǹtí rẹ Alimat wá láti Olódò pẹ̀lú ìbínú. Ó ní kí á jẹ́ kí àwọn tó ń ra àjákù irin wá tú u, kí oníkálukú sinmi. Má dá a lẹ́bi. Ṣebí o mọ̀ pé abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ilé Onírin ni àwọn ọmọ kéékèèké ti ń kéwú ní ìrọ̀lẹ́, bí kò bá sì sùn dáadáa lóru, nítorí àwọn ọmọ yẹn ni. Ó ní, "Bùọ̀dá, ilé tí ẹ fẹ́ràn yìí, ta lẹ fẹ́ kó pa?" Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè kí n pe ẹni tó mọ̀ nípa irin. A kó àwọn ọmọ kéwú lọ sábẹ́ igi máńgòrò.

Mo lọ pe ẹnjiníà kan ní yunifásítì, Múyìwá lórúkọ rẹ̀, ọmọ ọ̀gá mi àtijọ́ ni. Ó gbé hámà kékeré, ó ń kan àwọn òpó lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ń dún gooro bí agogo ilé ìwé. Nígbà tó dé òpó ti ẹ̀gbẹ́ sàréè, ó dún pì bí igi tó ti jẹrà. Ó ha símẹ́ńtì ìdí rẹ̀ kúrò, irin náà sì ń ṣí wá sí i lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ó ti dógùn-ún tán nínú lọ́hùn-ún tí ojú wa kò dé. Múyìwá ní ilé tó kù le ju èyí tí wọ́n ń kọ́ lónìí lọ, ẹsẹ̀ kan péré ló ń ṣàìsàn. Ó ní àwọn lè fi jáàkì gbé irin àjà dúró, kí àwọn gé ibi tó ti jẹ sọnù, kí àwọn fi irin tuntun dè é. Àmọ́ ó di dandan kí a fọ́ táìsì sàréè, omi kò sì gbọdọ̀ dé ibẹ̀ mọ́ láéláé. Ó wá gbójú sókè, ó bi wá pé, "Omi wo gan-an ló ń wá síbí? Òjò ò lè dé abẹ́ òrùlé yìí."

Àṣàkẹ́, ìwọ náà mọ omi náà. Màmá àgbà rẹ jókòó lórí àga wọn lọ́dẹ̀dẹ̀, búta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Alimat ń wo ilẹ̀. Èmi ni mo sọ pé bóyá ìjì ló máa ń fẹ́ òjò wọlé. Ẹnjiníà wò mí, ó wo táìsì tó ń dán, kò sì bi mí mọ́.

Mo lọ bá Ààfáà Khàlíl. Wọ́n ní ẹ̀sìn kò fi dandan táìsì mú ẹnikẹ́ni, erùpẹ̀ lásán ló tọ́ sí òkú mùsùlùmí, àti pé níwọ̀n bí a kò bá ti ní gbẹ́ ilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bàbá, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Mo dúpẹ́. Mo ní ṣé wọ́n lè bá mi sọ ọ́ fún ìyá mi? Ààfáà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyá tèmi ni, kì í ṣe tàwọn.

Bí mo ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri nìyẹn. Bí mo bá sọ ọ́, ohun tí mò ń sọ fún obìnrin arúgbó ni pé ìfẹ́ tó ń fi hàn fún ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí ló ń jẹ ilé ọkọ rẹ̀ run. Bí mi ò bá sọ ọ́, ilé á lọ. Mo ń jí, mo ń wo àmì pupa yẹn, mo ń padà wọlé. Ní Jímọ̀ méjì, ìyá tún fọ sàréè náà, mo dúró lẹ́yìn fèrèsé, mo ń wo omi ọṣẹ tó ń ṣàn lọ sí ìdí òpó. Mi ò lè jáde.

Nígbà tó di Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fún ara mi nípá, mo jáde. Mo bá wọn tí wọ́n jókòó sí etí sàréè. Omi kún inú búta, kànìnkànìn gbẹ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ kan wà." Wọ́n ní kí n dìde, kí n má fi orúnkún tó ń dùn mí kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Àlàó, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí ọmọkùnrin yẹn ti béèrè omi. Mò ń dúró dè yín ni, mo fẹ́ mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa sọ fún mi." Ojú tì mí, ọmọ mi. Mo bi wọ́n pé kí ló wá dé tí wọ́n tún ń fọ̀ ọ́. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ni kò gbọ́, pé bí Jímọ̀ bá ti mọ́, ọwọ́ á ti gbé búta kí àwọn tó ronú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé.

"Nígbà tí mo dé ilé yìí ní ìyàwó, mo da omi ìfọṣọ sí ìdí òpó yìí, bàbá yín pariwo mọ́ mi títí mo fi sunkún. Gbogbo ọjọ́ ayé wa ló fi ń lé mi kúrò níbẹ̀. Ìgbà tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ni mo wá ń da omi sí i lẹ́sẹ̀."

Wọ́n sunkún díẹ̀. Èmi náà sunkún, kí n má purọ́ fún ọ. Lẹ́yìn náà wọ́n bomi rin igi ìbẹ́pẹ pẹ̀lú omi inú búta yẹn, wọ́n ní kí n lọ pe àwọn tó máa fọ́ táìsì.

Iṣẹ́ náà ti parí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí wọ́n ń fi jáàkì gbé irin àjà, gbogbo abúlé ló wá dúró sójú ọ̀nà, ilé náà ń ké bí ẹni tó ń ti orí ẹní dìde. Ìyá kò kúrò nítòsí. Nígbà tí wọ́n de nọ́ọ̀tì tó gbẹ̀yìn tán, Alimat sáré gun òkè, ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ilẹ̀kùn sì pa dé wẹ́kú. Ó ṣí i, ó tún tì í, bí ọmọdé. Sàréè bàbá ti di erùpẹ̀ lásán báyìí, a fi òkúta kékeré yí i ká. Káńsù kò tíì wá pa àmì pupa wọn rẹ́, wọ́n ń sọ fún mi pé kí n lọ kí n bọ̀. Mò ń lọ, mo sì ń bọ̀.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, ìyá ní kí n ra ọ̀dà dúdú wá. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kun ẹsẹ̀ òpó náà bí bàbá ṣe máa ń kùn ún, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ọ̀dà lẹ̀ mọ́ gbogbo ìka wọn, àlùwàlá kò sì ní mọ́ bẹ́ẹ̀, ni Alimat bá ń fi kẹrosíìnì bọ́ ọ fún wọn níkọ̀ọ̀kan. A pẹ́ dé mọ́ṣáláṣí. Òpó tó kù tí a kò tíì kùn ṣì wà nílẹ̀, orúnkún mi kò sì gbà kí n lóṣòó mọ́. Bí o bá ń bọ̀ ní Iléyá, mú aṣọ iṣẹ́ dání.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ nílé ọkọ rẹ. Kó dá àwọn ọmọ sí fún ọ, kó sì jẹ́ kí o rí ẹni tó máa sọ òótọ́ fún ọ nígbà tí ó bá ṣòro. Bá mi kí ọkọ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí rẹ,
Sàníù Àlàó.

Mo tún rántí: Màmá àgbà rẹ gbọ́ pé mò ń kọ̀wé sí ọ, wọ́n ní kí n fi èyí sí i. Wọ́n ní bí àwọn náà bá lọ, kí a sin àwọn sí ẹ̀yìn ilé, kí ó jìnnà sí gbogbo òpó. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ràn àwọn, kó gbàdúrà fún àwọn, kó má fọ nǹkan kan.