Ẹ Gba Oyè Mínísítà Kúrò Lórí Orúkọ Bàbá Mi

Ojúlé Kẹrìnlá, Àjà Kejì,
North Peckham,
London, SE15.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, ọdún 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìpàtẹ Àwòrán Àtijọ́,
Ẹgbẹ́ Ọmọ Káàárọ̀-Oòjíire,
Gbọ̀ngàn Àdúgbò,
Peckham, London.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀTÚNṢE SÍ ÀKỌLÉ ÀWÒRÁN KEJE: ÌGBÌMỌ̀ ÀWỌN MÍNÍSÍTÀ ÀTI ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ WỌN, ÌBÀDÀN, 1955

1. Èmi ni Sherifdeen Ọlágòkè, ẹni tó yá yín ní àwòrán keje tó wà lára ògiri gbọ̀ngàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa bọ́ọ̀sì gba New Cross kọjá kí n tó fẹ̀yìntì, mo sì ti ń gbé Peckham láti ìgbà tí wọn kò tíì wó àwọn ilé North Peckham Estate àtijọ́. N kì í ṣe ẹni tó máa ń kọ ìwé ẹ̀sùn. Ìpàtẹ yín wú mi lórí, inú mi sì dùn bí mo ti ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe òtítọ́, èmi fúnra mi sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

2. Lábẹ́ àwòrán náà, ẹ kọ ọ́ pé ẹni tó jókòó sí àárín ìlà iwájú ni "Olóyè Sàká Ọlágòkè, Mínísítà fún Omi àti Ọ̀nà". Ẹ tún kọ ọ́ pé ẹni tó dúró lẹ́yìn àga náà, tó mú fáìlì dání, ni "òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀".

3. Bàbá mi ni Sàká Ọlágòkè. Mẹ́séńjà ni wọ́n. Wọn kò joyè, wọn kò díje ìbò, wọn kò sì la ẹnu níwájú gómìnà Òyìnbó rí, àfi láti sọ pé tíì ti dé. Ẹni tó mú fáìlì dání yẹn gan-an ni mínísítà. Orúkọ wọn ni Jabez Adébánjí.

4. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe sọ ọ́ fún mi láìmọye ìgbà. Agboolé kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá, bàbá mi sì fi ọdún márùndínlógún ju Mínísítà Adébánjí lọ. Lọ́jọ́ tí mínísítà kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwé, ọrùn bàbá mi ni wọ́n gùn débẹ̀, nítorí òjò ti sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀. Nígbà tí ayé wá yí, tí ẹ̀gbọ́n di mẹ́séńjà, tí àbúrò di mínísítà, bàbá mi a máa pè wọ́n ní "sà" lójú gbogbo ayé. Bí ilẹ̀kùn bá ti pa dé, mínísítà a tẹ̀ríba, wọn a ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́."

5. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ya àwòrán náà. Ìpàdé ìgbìmọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, akọ̀wé àgbà tó jẹ́ Òyìnbó sì ní kí àwọn mínísítà mẹ́jọ jókòó, kí àwọn òṣìṣẹ́ tò sẹ́yìn wọn. Bàbá mi ti múra mọ́ṣáláṣí tán, agbádá funfun àti láwàní, fáìlì sì wà lọ́wọ́ wọn. Bùbá àti ṣòkòtò lásán ni Mínísítà Adébánjí wọ̀ ní tiwọn, nítorí wọn kì í ṣe aláṣejù. Bí mínísítà ṣe bojú wẹ̀yìn, tí wọ́n rí ẹ̀gbọ́n wọn lórí ìdúró, ńṣe ni wọ́n dìde. Wọ́n gba fáìlì lọ́wọ́ bàbá mi, wọ́n ní kí bàbá mi jókòó. Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. Mínísítà ní àwọn kò lè jókòó gẹlẹtẹ kí ẹni tó gbé àwọn kọ́rùn wá máa dúró sẹ́yìn àwọn bí òpó. Ìgbà tí àríyànjiyàn fẹ́ di ẹjọ́ ni bàbá mi tó jókòó, ayàwòrán sì yà á. Akọ̀wé àgbà bínú gan-an. Ó ní kí wọ́n tún òmíràn yà, kí olúkálùkù wà ní ipò rẹ̀, ìyẹn sì ni ìjọba tọ́jú. Ayàwòrán wá fi èyí tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ ta bàbá mi lọ́rẹ.

6. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá Moyinolúwa, ọmọbìnrin tó kọ àwọn àkọlé náà, wí. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ohun tí ojú rẹ̀ sì rí ló kọ: ẹni tó jókòó ni ọ̀gá, ẹni tó gbé fáìlì ni ọmọṣẹ́. Ó fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ bi mí pé èwo ni bàbá mi nínú wọn. Mo ní ẹni tó wà lórí àga àárín. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn, èmi náà kò sì fi nǹkan kan kún un.

7. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ ìṣíde tí mo ka ohun tí ẹ kọ, ó yẹ kí n pariwo lójú ẹsẹ̀. N kò pariwo. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Àlàájì Nasrullah, ọ̀kan nínú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wa, ti ń pè mí wá sí sàfù àkọ́kọ́, ìlà iwájú pátápátá, èmi tí mo ti ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà fún ogójì ọdún. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ńkọ́? Ọmọ Mínísítà ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, mo sì ń jẹ́ ẹ. Àìṣát, ọmọ ọmọ mi, ti dìde ní kíláàsì rẹ̀, ó ti ròyìn bàbá ńlá rẹ̀ tó ń bá gómìnà ṣèjọba. Àwọn àgbà sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ.

8. Ní Sátidé tó kọjá, mo tún wá wo àwòrán mi, bí mo ti máa ń ṣe. Mo bá ìyá àgbàlagbà kan níwájú rẹ̀ tí wọ́n na ìka sí dígí, kì í ṣe sí bàbá mi, bí kò ṣe sí ẹni tó dúró. Mo kí wọn, mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ọ̀gbẹ́ni náà. Wọ́n ní, "Bàbá mi ni." Ìyá náà ni Màmá Evelyn Adébánjí, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, tí wọ́n ń gbé ní Kennington. Nínú wàhálà ìṣèlú tó ṣẹlẹ̀ nílé lọ́dún 1965, àwọn jàǹdùkú dáná sun ilé wọn, kò sì sí àwòrán bàbá wọn kan tó ṣẹ́ kù. Èyí tó wà lára ògiri yín yìí ni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fojú rí láti ọdún yẹn wá. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì wá wò ó.

9. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò fi ẹjọ́ sùn. Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn pé bí àwọn bá wí, ẹ ó sọ pé àwòrán náà ní awuyewuye nínú, ẹ ó sì gbé e kúrò. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí bàbá wọn wà níbẹ̀ láìlórúkọ ju kí wọ́n má sí níbẹ̀ rárá lọ. Ojú tì mí, Ẹ̀yin Ọ̀gá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn lórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn yín pẹ̀lú orúnkún mi tó ń dùn mí, mo sì jẹ́wọ́ ẹni tí mo jẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn mọ bàbá mi, pé bàbá mi ló máa ń ra gúgúrú fún àwọn lọ́nà ọ́fíìsì. Ara mi ti fúyẹ́ láti ọjọ́ náà, mo sì ń sùn dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

10. Mo ti sọ òtítọ́ fún Àìṣát pẹ̀lú. Mo rò pé yóò sunkún nítorí kíláàsì rẹ̀. Ńṣe ló ní, "Gírándípà, ṣé mínísítà ló dìde fún wọn ní ṣíà? Ìyẹn gan-an ló dáa jù." Ó ti lọ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún tíṣà rẹ̀.

11. Mo gbọ́ pé ìwé ìpàtẹ yín yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù yìí. Ohun tí a bá ti tẹ̀ sínú ìwé kò ṣeé pa rẹ́ mọ́. Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín kí ẹ tún àkọlé náà ṣe kí ọjọ́ yẹn tó pé, nínú ìwé àti lára ògiri. Ẹ má gbé àwòrán kúrò, kódà fún ọjọ́ kan. Ẹ gba oyè mínísítà kúrò lórí orúkọ bàbá mi, kí ẹ kọ "Ọ̀gbẹ́ni Sàká Ọlágòkè, mẹ́séńjà". Ẹ kọ orúkọ Mínísítà Jabez Adébánjí ní lẹ́tà gàdàgbà, nítorí ojú ọmọ wọn kò ríran tó ti àtijọ́ mọ́. Bí àyè bá sì wà, ẹ fi gbólóhùn kan sọ ìdí tí mínísítà fi wà lórí ìdúró. Ó dá mi lójú pé bàbá mi kò ní rò pé mo já àwọn kulẹ̀, nítorí iṣẹ́ mẹ́séńjà yẹn ni wọ́n fi tọ́ wa.

12. Èyí tó kù ni pé nínú ìwé àdéhùn wa, mo kọ ọ́ pé kí ẹ dá àwòrán náà padà sí ilé mi bí ìpàtẹ bá parí. Mo yí ìyẹn padà. Kennington ni kí ẹ gbé e lọ, fún Màmá Evelyn, kí ó máa jẹ́ tiwọn. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé mo jọ bàbá mi. Bí àárò wọn bá ń sọ mí, mo lè wo dígí.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ arúgbó. Mo ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Sherifdeen Ọlágòkè,
Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Ọmọ mẹ́séńjà.